Èsì ọmú Màámi láti láàbù méjì ò bára mu, ẹ gbà mí o

Àbíkẹ́yìn_Ìbàdàn: Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù tó kọjá wọ́n gé díẹ̀ lára kókó tó wà lọ́mú Màámi, wọ́n kó o sínú ike fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ sí láàbù, Fráìdé ni, ìgbà tí mo fi máa jàjà débẹ̀ wọ́n ti tilẹ̀kùn, ni mo bá gbé e sílé di Mọ́ńdè. Èsì tó jáde ò ju ìlà mẹ́ta lọ, pé jẹjẹrẹ ni, ER (ohun tí họ́mọ̀nù estrogen máa ń dì mọ́ lára jẹjẹrẹ) nẹ́gétíìfù, ó tán. Dókítà tá a tún lọ bá ní kí lòun fẹ́ fi èyí ṣe, ló bá tún gé òmíràn, láàbù kejì wá ní ER pọ́sítíìfù 40%, HER2 (purotéènì kan tó ń mú jẹjẹrẹ dàgbà) 2+. Èwo ni ká gbà gbọ́? Owó méjèèjì ló jáde lápò mi o.

Baba_Slide: Pẹ̀lẹ́ àbúrò, Màmá á gbádùn. Ike àkọ́kọ́ yẹn, o ṣí i wò? Ó ta ẹ́ nímú?

Àbíkẹ́yìn_Ìbàdàn: Mo ṣí i nínú mọ́tò, kò rùn rárá ẹ̀gbọ́n, àfi bí omi pure water.

Baba_Slide: Mo fura! Fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara rà, kọ́ nìyẹn, fọ́málìn á ta ẹ́ nímú débi tí ojú ẹ á ṣomi. Kó tó pé wákàtí kan tí wọ́n gé e ló yẹ kó ti wọ fọ́málìn, kó lò tó wákàtí 6 níbẹ̀, kó má ju 72 lọ. Tó bá ti ń rà, ER tó wà níbẹ̀ gan-an lè máà hàn mọ́, wọ́n á kọ nẹ́gétíìfù, Màmá á wá pàdánù tamoxifen, oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù yẹn lọ́wọ́, tó yẹ kí wọ́n lò. Ti kejì ni kẹ́ ẹ mú. Ṣùgbọ́n 2+ yẹn ò tíì parí o, kò jẹ́ pọ́sítíìfù kò jẹ́ nẹ́gétíìfù, FISH, àyẹ̀wò tó ń ka jíìnì HER2, ni wọ́n máa fi yanjú ẹ̀.

Sisí_Leeds: Ìlà mẹ́ta yẹn ló bí mi nínú jù. Níbí ní UK, Royal College of Pathologists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà láàbù, ti la ohun tí èsì gbọ́dọ̀ ní sílẹ̀, ẹnì kan ò lè máa kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Grade (bí jẹjẹrẹ ṣe le tó) nìkan, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì 1 sí 3, wọ́n á rò ó pọ̀, 8 tàbí 9 ni grade 3. Tí wọ́n bá wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ bí kókó ṣe tóbi tó ní mílímítà, bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́, kókó abẹ́ abíyá mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò, mélòó ló ní jẹjẹrẹ. Tí kò bá sí níbẹ̀ ẹ dá a padà, ẹ má tijú. Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ yé kọ "breast lump" lásán sí fọ́ọ̀mù, ọ̀tún ni àbí òsì?

Baba_Slide: Hàhà, irú ẹ̀ ni mo gbà láàárọ̀ yìí. Àbúrò, lọ bá wọn gba block ti kejì, ìyẹn ẹran ara tí wọ́n ti fi wáàsì dì, òun ni wọ́n máa fi ṣe FISH, wọn ò ní tún gé nǹkan kan lára Màmá.

Àbíkẹ́yìn_Ìbàdàn: Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì ọ̀hún ni mò ń wá láti àárọ̀.