Iṣẹ́ dátà àkọ́kọ́: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ojoojúmọ́ la ń rí ẹni tó ń béèrè kọ́ọ̀sì tó yẹ kí òun ṣe kí ilé-iṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì lè gba òun síṣẹ́ dátà, ìyẹn iṣẹ́ yíyẹ àkọsílẹ̀ wò láti mọ ohun tó ń sọ. Kọ́ọ̀sì ti pọ̀ nílẹ̀ bíi rẹ́rẹ. Ohun tí ẹnu kì í sábà dé ni bó ṣe ń rí lẹ́yìn téèyàn bá ti fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ tán. Màá fi tèmi ṣíwájú, kí ẹ̀yin náà bọ́ síbẹ̀.

Ètò ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì. Ìgbà tí mo wà lẹ́nu àgùnbánirọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Excel àti SQL (èdè tí a fi ń wá nǹkan jáde nínú àkójọ dátà), láyé ìgbà tí owó oṣù àgùnbánirọ̀ ṣì jẹ́ ₦33,000, kí ìjọba tó sọ ọ́ di ₦77,000. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni fóònù ń jẹ. Mo ṣe kọ́ọ̀sì Google tó wà lórí Coursera, mo sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é mọ iṣẹ́ àṣekágbá ibẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà ní Chicago, kí ẹ wá wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó ń san àsansílẹ̀ ọdún kan àti àwọn tó kàn ń gùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ gbogbo wa pátá la gbé kẹ̀kẹ́ Chicago yẹn sínú pọ́tífólíò, àkójọ iṣẹ́ téèyàn ń fi han agbanisíṣẹ́. Ẹni tí kò bá gbé kẹ̀kẹ́, àkọsílẹ̀ àwọn èrò ọkọ̀ Titanic tó wà lórí Kaggle (ojú-òpó tí wọ́n ti ń fi dátà dánra wò) ló gbé. Ẹ wá wo ẹni tó ń ka ìwé ìwáṣẹ́ láti àárọ̀: kẹ̀kẹ́, Titanic, kẹ̀kẹ́, Titanic. Ó á ti sú u.

Àwọn ìwé tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mi ò gbúròó ọ̀pọ̀ nínú wọn títí dòní. Àwọn kan dáhùn kí n tó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó sì hàn pé ẹ̀rọ ló dáhùn. Ilé-iṣẹ́ kan, tí mi ò ní dárúkọ, ní kí n fi odidi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù (ojú-ewé tó ń fi àwòrán àti nọ́ńbà sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ) fún àwọn. Mo ṣe é, mo fi ránṣẹ́, wọn ò tiẹ̀ sọ pé ó dé. Ẹ ṣọ́ra tó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n ń tà gan-an ni wọ́n kó fún yín. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni àwọn kan ń wá.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà ni ìwé àjọ màmá mi. Alájọ ni wọ́n, ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, ó ti pẹ́. Ẹ mọ káàdì àjọ: ojú 31, ọjọ́ kan ojú kan, ẹni tó bá dá owó, alájọ á fàlà sí i. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, ìyókù jẹ́ ti ẹni tó dá a. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n da ìwé ọdún kan kọ sínú Excel. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo dé ibi tí ojú mélòó kan ti ṣófo, mo bi wọ́n bóyá òdo ni kí n kọ síbẹ̀. Wọ́n yọ ìgò ojú wọn. Wọ́n ní, "Òdo bí i ti báwo? Aláta yìí ò tà lọ́jọ́ yẹn, kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí ní tiẹ̀, èmi ni mi ò lọ sọ́jà, ibà dá mi wólẹ̀. Owó ẹ̀ wà ńlẹ̀. Eléyìí, ó ti wá kó owó ẹ̀ láàárín oṣù, kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́." Ojú tó ṣófo kan náà lórí ìwé, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán.

Tẹ́ ẹ bá mọ SQL, ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. AVG, tó ń wá ìpíndọ́gba, kì í ka NULL (ojú tó ṣófo) mọ́ ọn, ṣùgbọ́n á ka òdo. Ká ní ẹnì kan dá ₦500 fún 20 ọjọ́, tí ojú 10 sì ṣófo. Bí ẹ bá fi NULL sí ojú 10 yẹn, kọ̀ǹpútà á ní ₦500 ló ń dá lójúmọ́. Bí ẹ bá fi òdo síbẹ̀, á ní ₦333 àti díẹ̀. Èwo ni ká gbà? Kọ̀ǹpútà ò mọ̀, màmá mi ló mọ̀. Mo wá ṣí òpó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, mo pè é ní "ìdí", mo sì jókòó tì wọ́n títí a fi kọ ìdí gbogbo ojú tí wọ́n ṣì rántí. Àwòrán tó jáde fi hàn pé oṣù kẹsàn-án, tí ilé-ìwé ń wọlé, ni ojú tó ṣófo torí àìrówó ti pọ̀ jù. Owó tí àwọn aláṣọ ń dá ní tiwọn ń gun òkè bí ọdún bá ti ku sí dẹ̀dẹ̀. Mo kọ àlàyé ojú-ewé kan lé e lórí, mo gbé e síwájú, mo sì sọ kẹ̀kẹ́ Chicago kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́, ní Yábàá, pè mí fún ìdánwò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní títàn, aago ò sì dúró de ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́. Ilé ọ̀rẹ́ mi tó ní ínfátà ni mo ti ṣe é. Ìbéèrè tó gbẹ́mìí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kò gùn rárá: tábìlì kan fún oníbàárà, ìkejì fún owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, mú àwọn tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá jáde. Ẹni tó bá lo JOIN lásán, tó ń mú kìkì ẹni tó wà nínú tábìlì méjèèjì, àwọn tí à ń wá gan-an ló máa pòórá. LEFT JOIN ni, tó ń mú gbogbo oníbàárà bí wọn ò tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́; kí gbèdéke oṣù náà wà lọ́dọ̀ ON (ibi tí a ti ń so tábìlì méjèèjì pọ̀), kí ẹ wá fi IS NULL ("ó ṣófo") ṣẹ́ ẹ ní WHERE (ibi tí a ti ń yan èyí tí a fẹ́). Bí ẹ bá gbé gbèdéke oṣù lọ sí WHERE, LEFT JOIN yín ti di JOIN lásán nìyẹn, kò sì ní sí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n tún fi fáìlì kan ránṣẹ́. Ẹ gbà mí! Excel ti jẹ òdo iwájú nọ́ńbà fóònù, 0803 ti di 803. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tó yẹ kó jẹ́ 10 wá di 9 fún àwọn tí tiwọn fi òdo bẹ̀rẹ̀. Nínú òpó ìpínlẹ̀, "Lagos" wà, "LAGOS" wà, "Lagos State" wà, òmíràn sì wà tí ààyè fara pamọ́ sí ìdí rẹ̀ tí ojú ò lè rí. Àwọn yẹn rọrùn. Èyí tó le ni 03/04/2022: ṣé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni, àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́? Mo wá ọjọ́ tó ju 12 lọ nínú òpó náà láti fi dá a mọ̀, mo rí i ní apá méjèèjì. Mo kọ ímeèlì sí wọn, mo ní kí wọ́n sọ fún mi ibi tí fáìlì náà ti wá. Wọ́n dáhùn pé láti ibi méjì ni.

Níbi íńtáfíù, wọ́n gbé àwòrán kan síwájú mi: ìlà tó ń rọra gòkè títí dé ìparí 2022, tó wá fò fẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2023. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé nígbà yẹn, ẹ ti mọ̀. Báǹkì àpapọ̀ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Tuntun ò sí, àtijọ́ ò ṣeé ná, ìdí ATM ni àwọn mìíràn ń mọ́jú sí. Alákàrà tí kò gba tíránsífà rí bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà àkáǹtì fún oníbàárà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Mo sọ èyí fún wọn, mo sì fi kún un pé ẹni tó bá ti inú oṣù mẹ́ta yẹn wo ohun tí 2024 máa mú wá, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ọ̀kan nínú wọn tún bi mí ìdí tí owó ọjọ́ Ajé nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í fi bá ti àwọn akàwé-owó mu. Mo ní kí wọ́n wo aago sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́. UTC (aago àgbáyé) ni ọ̀pọ̀ sáfà ń kà, Èkó sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Owó tó wọlé ní aago méjìlá ààbọ̀ òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ajé ni sáfà ń kọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti fa ìjà lọ́fíìsì rí.

Wọ́n gbà mí. Ó yá, ẹ̀yin náà.

Láti Leeds

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí wa. Ìlú Ọba ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Mo parí másítà, mo gba físà Graduate ọlọ́dún méjì. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn: ṣé wàá nílò ilé-iṣẹ́ tó máa ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ, nísinsìnyí tàbí tó bá yá? Ẹni tó bá tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sẹ́ni tó tún máa ka ìwé rẹ̀. Ìjọba tún gbé owó iṣẹ́ ọdún kan tó kéré jù fún físà Skilled Worker (físà iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀) dé £38,700 ní oṣù kẹrin 2024, ó sì di £41,700 ní oṣù keje 2025. Ìdínkù wà fún ẹni tí kò tíì pé 26 tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kékeré mélòó ló mọ̀? Èmi máa ń tẹ òfin náà jáde láti orí ojú-òpó ìjọba, màá mú un dání.

Ìkejì, ẹ fi "èmi" sọ̀rọ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, "a ṣe é" lèèyàn máa ń sọ, kó má di pé ó ń gbéra ga. Òyìnbó tó ń bi mí léèrè gbé bírò sílẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe, èmi ńkọ́? Mo ní èmi ni mo kọ gbogbo SQL rẹ̀, èmi náà ni mo rí i pé wọ́n ń ka oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá mú bírò.

Láti Abẹ́òkúta

Kúkúrú ni tèmi. Power BI Desktop, tí a fi ń ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀fẹ́ ni, Windows nìkan ló sì ń gbé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gba Gmail. Ímeèlì ilé-iṣẹ́ tàbí ti ilé-ìwé ló ń béèrè. Ẹni tó ń wáṣẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí ímeèlì ilé-iṣẹ́? Tableau Public, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ni mo sá lọ, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀, gbogbo ayé ló lè rí i. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti kọ́ èèyàn níṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì ní ẹ̀ka dátà, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó "ìdánilẹ́kọ̀ọ́" kí íńtáfíù tó wáyé, olè ni, ẹ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Èmi wà lára àwọn tó ń gbani síṣẹ́

Àbúrò, ọ̀rọ̀ àjọ yẹn dùn gan-an, mo sì gbóríyìn fún màmá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí rò pé ìtàn nìkan ló gbà yín síṣẹ́. LEFT JOIN yẹn ni. Ẹni tó mọ ìtàn tí kò mọ SQL, ó dàbọ̀ la máa ń kí i.

Ìpolówó tó ní òun fẹ́ ìrírí ọdún méjì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá tẹ́ ẹ máa bá ṣiṣẹ́ ló sábà máa ń kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ohun tó ju ìdajì lọ nínú ohun tó béèrè, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé ya ìràwọ̀ sínú CV. "SQL: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún." Ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fi SQL ṣe síbẹ̀.

Ìbéèrè kan

Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí. Bọ̀dá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Òṣogbo. Ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí wà, orúkọ oníbàárà wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Ṣé mo lè lò ó?

Ìdáhùn

Lò ó, tí bọ̀dá bá ti gbà. Àmọ́ má da orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọ inú fáìlì tí wàá gbé jáde rárá. Fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àmì, bíi 001, 002, kí o sì fi ìwé tó so àmì mọ́ orúkọ pamọ́ sọ́dọ̀ bọ̀dá. Nàìjíríà ti ní òfin lórí ìdáàbòbò dátà aráàlú láti 2023, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ sì máa ń bi èèyàn nípa rẹ̀. Kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ pé o yọ orúkọ kúrò. Kó o tó ya àwòrán kankan, bi bọ̀dá léèrè fóònù tí wọ́n kọ pé "ó ti lọ" sí: ṣé wọ́n tún un ṣe ni, àbí oníbàárà kàn gbé e lọ bẹ́ẹ̀?