Èsì X-ray Sọ Pé Ìtẹ̀ Ọrùn Mi Ti Pòórá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé tí àwọn ẹlòmíràn bá kọ, kí n sì tún un ṣe kí ó tó di títẹ̀ jáde. Nítorí èyí, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń tẹrí ba sórí tábìlì tàbí kí n na ọrùn sí ojú kọ̀ǹpútà. Ìrora tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò dé lójijì. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọrùn tí kì í fẹ́ yí bí mo bá jí, ó di ẹ̀fọ́rí tó ń ti ìpàkọ́ gòkè wá síwájú orí, lẹ́yìn náà ló wá sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká. Ìgbà tí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí mo máa ń di bírò mú tí n kò ní mọ̀ dájú pé ó wà lọ́wọ́ mi àfi bí mo bá wò ó, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí ìpara àti oògùn ara ríro lè yanjú, mo sì gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Dókítà náà kò kánjú. Ó ní kí n fún ìka rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ó fi òòlù rọ́bà kékeré kan gbá ìgúnpá mi wò, ó fi òwú kan orí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí n rìn lórí ìlà kan, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé pé kí wọ́n ya X-ray ọrùn mi. Gbólóhùn tó wà nínú èsì náà kúrú: ìtẹ̀ àdánidá ọrùn ti pòórá. Láti ìgbà náà, mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí irú gbólóhùn yìí gan-an lé oorun kúrò lójú wọn, nítorí pé ó ń dún létí wọn pé ọrùn ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó jókòó tì wọ́n láti là á yé wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ohun tí mo rí àti ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi.

Egungun 7 ló to lé ara wọn nínú ọrùn ènìyàn. Bí a bá wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, wọn kì í dúró ṣánṣán. Wọ́n máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ ní àárín, bí ọrun ọdẹ tí a kò tíì fà. Ìtẹ̀ yìí ti ń yọjú láti inú oyún, ó sì ń hàn sí i bí ọmọ ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí rẹ̀ dúró. Òun ló ń jẹ́ kí ìwúwo orí, tí ti àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 5, pín sórí egungun, àwọn dísìkì rírọ̀ tó wà láàárín wọn, àti àwọn oríkèé kéékèèké tó wà lẹ́yìn. Bí ìtẹ̀ náà bá dín kù, ìwúwo á sún síwájú, á máa tẹ iwájú dísìkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹran ẹ̀yìn ọrùn á sì máa fà láìsinmi kí orí má baà ṣubú síwájú. Ní ọdún 2014, Kenneth Hansraj, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York, fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹrù tí ọrùn ń gbé bí a bá tẹrí ba. Ó rí i pé bí orí bá tẹ̀ síwájú ní dígírì 60, ẹrù náà lè tó kìlógíráàmù 27. Ìṣirò ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n wọ̀n lára ènìyàn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù ba ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ ìdí tí èjìká mi fi máa ń le gbagidi bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́.

Dókítà ní kí n lọ rí ìyá kan tó jẹ́ oníṣègùn físíò, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi í ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọrùn mi yóò tún tẹ̀ padà bó ṣe wà?” Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó mú un tọ́.” Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà tí ìtẹ̀ ọrùn ń gbà lọ pọ̀. Bí ọrùn bá ń roni, ẹran rẹ̀ lè sún kì kí ó sì fa egungun dúró ṣánṣán. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, dísìkì á máa gbẹ, á sì máa fẹ́lẹ́. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó bá ju orí síwá sẹ́yìn lójijì lè fà á, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ti ẹ̀yìn ọrùn ṣe náà lè fà á. Ó tún sọ ohun kan tí n kò retí: bí ènìyàn bá kàn fa àgbọ̀n rẹ̀ wọlé díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya X-ray, àwòrán lè fi hàn pé ọrùn rẹ̀ tọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí ọrùn wọn tọ́ gbọnrangandan tí ìrora kankan kò bá wọn rí. Àwòrán nìkan kò lè sọ ibi tí ìrora ti ń wá. Ọ̀rọ̀ yìí fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo oògùn tí mo ti lò lọ.

Ní ti àtàǹpàkò mi, ó ní iṣan ìmọ̀lára 8 ló ń jáde ní apá kọ̀ọ̀kan ọrùn. Ẹ̀kẹfà, tó ń gba àárín egungun karùn-ún àti ẹ̀kẹfà jáde, ló ń lọ sí àtàǹpàkò; èkeje ń lọ sí ìka àárín, ẹ̀kẹjọ sì ń lọ sí ìka tó kéré jù. Nítorí náà, ìka tó ń kú máa ń tọ́ka ibi tí wàhálà wà nínú ọrùn.

Ìdárayá tó kọ́ mi rọrùn láti ṣàpèjúwe, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe dáadáa. Mo máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀, n ó ká aṣọ ìnura sábẹ́ ìpàkọ́, n ó sì mi orí wọ́ọ́rọ́wọ́ tí àgbọ̀n á fi sún mọ́ ọ̀fun láìjẹ́ pé ìpàkọ́ kúrò lórí aṣọ náà. N ó dá a dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, n ó sì tú u sílẹ̀. Ìyá náà ní kí n fi ìka méjì lé iwájú ọrùn, níbi tí àwọn ẹran gígùn méjì ti ń ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ sí òkè àyà. Bí wọ́n bá yọ síta tí wọ́n sì le lábẹ́ ìka, a jẹ́ pé àwọn ẹran òde ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn ti inú, àwọn tó so mọ́ egungun gan-an, máa ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìgbà tí wọn kì í yọ. Ó gbà mí ní sùúrù púpọ̀ kí n tó mọ bí agbára tí mo nílò ti kéré tó. Lẹ́yìn èyí ló wá fi ìdárayá èjìká kún un, ó ní kí n gbé ojú kọ̀ǹpútà sókè kí ó bá ojú mi dọ́gba, kí n sì máa dìde lóòrèkóòrè, nítorí kò sí ìjókòó kan tó dára tó láti wà nínú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Níbi tí a ti ń dúró de ìyá oníṣègùn náà ni mo ti mọ bàbá kan tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọrùn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Bọ́tìnì ẹ̀wù ló kọ́kọ́ di ìṣòro fún un. Ìka rẹ̀ á máa wá ihò bọ́tìnì náà kiri, á rí i, á sì tún yọ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí kò sì dá a lójú mọ́ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ṣe bí ogbó ni.” Àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI fi hàn pé ọrùn tirẹ̀ kò kàn tọ́ lásán, ó ti tẹ̀ sí òdì, dísìkì àti egungun tó hù sì ti ń fún okùn iṣan ńlá tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba inú egungun ẹ̀yìn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ìdí pàtàkì iṣẹ́ abẹ náà ni láti dá ìbàjẹ́ dúró, àti pé gbogbo ohun tó ti lọ lè má padà. Nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn, ó ń di bọ́tìnì ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi ọ̀pá rìn. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró déédéé mọ́, tí kò lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí apá rẹ̀ ń rọ sí i, pé kí ó má ṣe dúró de ìdárayá kankan. Kí ó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ká mi lára. Àwọn kan ń gba ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà láàyè láti yí ọrùn wọn lójijì kí ó lè dún, wọ́n ní ìtẹ̀ rẹ̀ yóò padà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ ń gba inú ihò ẹ̀gbẹ́ egungun 6 àkọ́kọ́ nínú ọrùn kọjá, bí a bá sì yí ọrùn pẹ̀lú agbára, ògiri iṣan náà lè ya kí ó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Bákan náà, wíwọ ohun tí wọ́n fi ń gbá ọrùn ró láti oṣù dé oṣù láìsí àṣẹ dókítà máa ń sọ ẹran ọrùn di aláìlágbára.

Ìmọ̀lára ti padà sí àtàǹpàkò mi. Ẹ̀fọ́rí náà ṣì máa ń yọjú bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí mo sì gbàgbé láti dìde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ. Mo bi dókítà bóyá kí n tún ya X-ray mìíràn láti mọ̀ bóyá ìtẹ̀ ọrùn náà ti padà. Ó ní bí kò bá sí àmì tuntun, kò sí ohun tí àwòrán náà yóò yí padà nínú ìtọ́jú mi, nítorí náà n kò yà á.