Kọ̀ǹpútà Bàbá mi ò yé béèrè password tuntun, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ laptop Bàbá mi ni mo gbé wá. Tòkunbọ̀ ni, Windows 11 Home ló wà lórí ẹ̀. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ìwé ìròyìn ni wọ́n ń kà níbẹ̀, wọ́n sì ń tẹ ìtàn ìdílé wa díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí oṣù kan àti nǹkan bá ti ń kọjá báyìí, ẹ̀rọ á ní password ti gbó, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé. Bàbá á pè mí: "Àdùkẹ́, ó tún ti dé o!" Nígbà tí mo délé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà wọn. Akanni1, wọ́n fagi lé e. Akanni2, wọ́n fagi lé e. Ó ti dé Akanni7. Ẹ̀rín pa mí, àánú wọn sì tún ṣe mí. Ṣé kò sí bí a ṣe lè dá a dúró ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Yọ password yẹn dànù pátápátá. Ta ló fẹ́ jí ìtàn ìdílé?

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Ìjẹ̀bú, rọra o. Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ kì í wá kí Bàbá ni? Àwọn tèmi fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, fọ́tò ìgbéyàwó mi lọ ráúráú. Àdùkẹ́, ìwọ náà, o wá gbé password Bàbá síta fún gbogbo ayé!

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Kì í ṣe orúkọ náà gan-an ni mo kọ, ẹ̀gbọ́n mi. 😂

Bọ̀dá Ìkẹjà
Àbúrò, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí. Ọjọ́ 42 ni Windows máa ń fún password kó tó ní ó ti gbó, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé. Kì í sábà yọ àwọn tó ṣí àkáǹtì wọn fúnra wọn lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó nu inú ẹ̀rọ yẹn mọ́ kí wọ́n tó tà á ló fi àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà (command) ṣí àkáǹtì náà, tí kò wá sọ fún un pé kí password má gbó.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Tẹ cmd síbi ìwákiri. Bí Command Prompt bá yọjú, fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, kí o mú Run as administrator. Kọ́kọ́ tẹ `net accounts`, wàá rí 42 níwájú Maximum password age. Lẹ́yìn náà tẹ èyí:

`net accounts /maxpwage:unlimited`

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o ṣí lusrmgr.msc, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àkáǹtì, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Kò sí lórí Windows Home bíi ti Bàbá, Windows Pro ló ni ín.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ó ní "System error 5", "Access is denied".

Bọ̀dá Ìkẹjà
O kàn ṣí i lásán ni, o ò mú Run as administrator. Tì í pa, kí o tún un ṣí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ààbò ni pípààrọ̀ password? Níbi iṣẹ́ wa, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni.

Bọ̀dá Ìkẹjà
Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Àmọ́ NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ti sọ lọ́dún 2017 pé kí wọ́n yé fi ọjọ́ pípé fipá mú èèyàn pààrọ̀ ẹ̀, àfi tí àmì bá wà pé ẹlòmíì ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2019, Microsoft náà yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà ààbò tí wọ́n ń là sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Ìdí ẹ̀ ló wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà Bàbá yẹn: nọ́ńbà ìparí nìkan lèèyàn máa ń yí. Ti ibi iṣẹ́ tìẹ, má fọwọ́ kàn án o, ọ̀gá ẹ ló ni àṣẹ ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Èmi ńkọ́? Ìméèlì ni mo fi ń wọ tèmi, kì í ṣe orúkọ lásán.

Bọ̀dá Ìkẹjà
Àkáǹtì Microsoft nìyẹn, mà. Àṣẹ òkè yẹn ò kàn án. Ẹ wọ àkáǹtì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń yí password. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní kó máa ní kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ní ọjọ́ 72-72. Ẹ yọ àmì inú ẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ó ti ṣe é o! Mo tẹ `net user` pẹ̀lú orúkọ Bàbá, "Never" ló wà níwájú Password expires. Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Bọ̀dá Ìkẹjà
Ó kù kan. Níwọ̀n ìgbà tí kò ní yí mọ́, kó jẹ́ èyí tó gùn. Ní kí Bàbá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò lè kúrò lọ́kàn wọn ṣe é.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì ti fa ewé kàlẹ́ńdà náà ya.