Báwo ni a ṣe ń ya ẹyẹ tí kì í dúró sójú kan?

Ìbéèrè (Ẹ̀pẹ́)
Ẹ̀yin àgbà ayàwòrán, mo kí yín o. Ẹyẹ etí ọ̀sà ni mo fẹ́ràn láti máa yà, pàápàá lékeléke. Inú àwòrán tí mo fi fóònù yà ni mo ti ń wò ó yà, ṣùgbọ́n ẹyẹ náà máa ń rí pẹlẹbẹ lórí bébà, bí ẹni pé wọ́n gé e láti ara aṣọ. Mo fẹ́ máa yà á níbi tí ó wà gan-an, àmọ́ kí n tó fa ìlà mélòó kan, ó ti yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn (Ìkòròdú)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá parí ẹyẹ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí ó bá ti yí ọrùn padà, ẹ fi àwòrán yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bébà kan náà, nítorí pé lékeléke tí ó ń tẹ̀lé màlúù kì í pẹ́ tún ohun tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ṣe: yóò rìn, yóò na ọrùn, yóò ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù lé jáde nínú koríko, yóò sì tún rìn. Nígbà tí ó bá padà sí ìdúró àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà ẹ padà sí àwòrán àkọ́kọ́. Ìyẹ́ kò tíì kàn. Bí ó ṣe gbé ara lé ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Ìdáhùn (ẹlòmíràn, Ẹ̀pẹ́)
Àwọn àgbà ní agbe ló láró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹ́fun. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wò ó dáadáa nínú oòrùn àárọ̀ yóò rí àwọ̀ ewé koríko lábẹ́ ikùn rẹ̀, yóò sì rí aró fẹ́ẹ́rẹ́ nínú òjìji abẹ́ apá. Ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù fún fóònù, gbogbo rẹ̀ a sì di funfun kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni pẹlẹbẹ yẹn ti wá. Bí ọ̀dà olómi ni ẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí bébà fúnra rẹ̀ ṣe funfun ẹyẹ náà, kí ẹ kun koríko àti omi tó yí i ká. Ní àsìkò tí wọ́n ń yé ẹyin, orí, àyà àti ẹ̀yìn wọn máa ń ní àwọ̀ rúsúrúsú, ẹnu àti ẹsẹ̀ wọn a sì pọ́n. Ó dùn ún wò púpọ̀.

Ìdáhùn (Àgbádárìgì)
Àwọn kan yóò ní kí ẹ wá òkú ẹyẹ. John James Audubon, ayàwòrán ẹyẹ tí wọ́n bí ní 1785 ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí, máa ń pa ẹyẹ, a sì fi wáyà gbé e dúró kí ó tó yà á. Àwòrán rẹ̀ 435 tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1827 sí 1838 lẹ́wà, bí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó gan-an ni ó sì yà á, débi pé àwọn ọlọ́rùn gígùn ní láti tẹ orí ba kí bébà tó gbà wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀nà yẹn. Lars Jonsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, máa ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ẹyẹ láàyè, ó sì ń yà á bí ó ti ń wò ó. Bí ẹ kò bá ní irú awò bẹ́ẹ̀, ẹ máa jókòó jẹ́ẹ́ sí ibì kan náà ní àràárọ̀, kí ẹ má sì rìn tọ̀ wọ́n lọ. Nígbà tí ojú wọn bá ti mọ̀ yín, àwọn fúnra wọn ni yóò máa sún mọ́ yín.