Pákí tí a fà tu ní Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìrírí yín nípa ìgbà tó yẹ ká kánjú àti ìgbà tó yẹ ká dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Iṣẹ́ gaari ni mò ń ṣe ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, pákí ló sì là mí lójú nípa ọ̀rọ̀ àkókò.

Pákí kò dà bí àgbàdo tí èèyàn gbọ́dọ̀ sáré lọ ká. Bó bá ti gbó tán, tí ọjà ò dáa, ẹ lè fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan sí i. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Mo ra pákí oko kan, wọ́n fà á tu ní Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìnáwó àna wa bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì ti rán aṣọ ẹbí. Mo ní kí wọ́n kó pákí sábẹ́ igi, pé ó di Ọjọ́ Ajé ká tó bó o. Mo rò ó pé, ohun tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, kí ni ọjọ́ mẹ́rin fẹ́ fi ṣe?

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, obìnrin àkọ́kọ́ tó mú ọ̀bẹ gé ọ̀kan sí méjì. Ó wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó nà án sí mi. Ìlà dúdú tín-ín-rín, bí òwú tí wọ́n rẹ láró, ti gba inú funfun náà káàkiri. A gé òmíràn, bákan náà. A tún gé òmíràn.

Ìyá alẹ́rọ, tó ti ń lọ pákí kí wọ́n tó bí mi, ní: “Ọmọ mi, inú ilẹ̀ ló ti ń dúró dè ọ́. Àtìgbà tí o ti fà á tu ni kò ti dúró mọ́.”

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ni pákí tí a ti fà tu fi ń dúró kó tó bàjẹ́. Ojú ibi tó bá ti dá tàbí tó bó ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ la rí ṣà lò, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ló kó ìyókù. Owó àjọ mi ló wà níbẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, mo sunkún.

Ní báyìí, n ó ti bá àwọn tó ń bó o ṣàdéhùn, n ó ti bi Ìyá alẹ́rọ bóyá díísù wà, igi ìdáná á ti wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdí pákí. Bí ìnáwó bá wà, pákí á máa bẹ nínú ilẹ̀ ní tiẹ̀.

Àmọ́ bí a bá ti lọ̀ ọ́ tán, ìkánjú parí nìyẹn. Gaari Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kan. Ó ní láti lo ọjọ́ bíi mélòó kan nínú àpò, kí omi rẹ̀ jò, kí oró inú rẹ̀ sì dín kù. Oníbàárà mi kan l'Ékòó pè láàárọ̀ yìí, ó ní ilé ìtajà òun ti ṣófo, ṣé n kò lè yan án lónìí ni? Àná ni mo gbé òkúta lé àpò rẹ̀ kí omi lè jò. Mo ní kó má bínú, ó di ọ̀túnla.