Asheville nígbà ìwọ́wé: gíga òkè ni kí ẹ fi mú ọjọ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tọkọtaya tó ń bọ̀ láti Atlanta tàbí Charlotte máa ń bèèrè: ọjọ́ wo gan-an ni ewé máa ń pọ́n ní Asheville, ìlú àárín òkè ní North Carolina l'Amẹ́ríkà? Kò sí ọjọ́ kan pàtó. Orí òkè ni ewé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òtútù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlú fúnra rẹ̀ ga tó 2,134 ẹsẹ̀ bàtà. Mount Mitchell tó wà nítòsí rẹ̀ ga tó 6,684, òun ló sì ga jù ní gbogbo apá ìlà-oòrùn odò Mississippi. Ẹni tó bá dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá, tó wá jókòó sáàárín ìlú, ewé tútù ló máa wò lọ sílé.

Bí àyè yín bá bọ́ sí ìparí oṣù Kẹsàn-án títí dé nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, ẹ gòkè kọjá 5,000 ẹsẹ̀ bàtà. Graveyard Fields, ibi ìwòran kan lórí òkè, wà lára ibi tó máa ń tètè pọ́n jù. Láàárín oṣù náà, ó ti sọ̀ dé bíi 4,000. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn rẹ̀ wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni ti ìlú gan-an. Chimney Rock àti Lake Lure, tí wọ́n wà nísàlẹ̀ jù, ló máa ń kẹ́yìn.

Àwọ̀ ìyeyè ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ewé tútù ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń tètè ṣú, igi á dáwọ́ àwọ̀ ewé tútù dúró, ìyeyè á yọjú. Ti pupa yàtọ̀. Ṣúgà inú ewé ni igi fi ń ṣe é, oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru ló sì ń mú un dán. Bí òjò bá rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, pupa á ṣá, ìjì kan ṣoṣo sì lè gbọn gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá ti rí ewé fúrúùtù lójúde ilé l'Ékòó bó ṣe ń pọ́n kó tó já, ó ti rí irú rẹ̀. Odidi òkè ni ti ibí kàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀nà kún un. Blue Ridge Parkway, ọ̀nà orí òkè tí àlejò fi ń wo ewé, kì í ṣe ọ̀nà eré: 469 máìlì ni, láti Virginia dé ìlú Cherokee ní North Carolina, ẹ ò sì gbọdọ̀ sáré kọjá 45 máìlì ní wákàtí kan. Wọn kì í gbowó níbẹ̀, kò sì sí ilé epo kankan lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ rọ epo kún táǹkì nílùú. Òpó kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà máìlì sí ni àdírẹ́sì gbogbo nǹkan. Folk Art Center, ilé iṣẹ́ ọnà tó wà lẹ́bàá ìlú, wà ní 382, Craggy Gardens tó wà lórí òkè wà ní 364: ẹ yọ ọ́ kúrò, 18 máìlì, nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Graveyard Fields wà ní 418.8, bí ẹ bá gba ọ̀nà NC 191 wọlé ní 393.6, ẹ fún un ní wákàtí kan gbáko. Ẹ ti gba máàpù sínú fóònù kí ẹ tó jáde, nítorí nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ.

Láti ìgbà tí ìjì Helene ti jà ní 27 oṣù Kẹsàn-án 2024, tó ba apá ibì kan lára ọ̀nà náà jẹ́, ni fóònù ti lè sọ pé ọ̀nà ṣí, kí ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ bá géètì. Ojú ìwé National Park Service, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ọ̀nà náà, ni kí ẹ gbà gbọ́. Láti òpó dé òpó ni wọ́n fi ń kọ ibi tó ṣí.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ ju gígòkè lọ. US 276 láti orí Parkway sí ìhà Brevard rí kólokòlo, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè délẹ̀, páàdì á gbóná, òórùn nǹkan jíjó á gba inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ á wá máa rì láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Ẹ fa jíà sí L tàbí 2, kí ẹ́ńjìnnì máa dá ọkọ̀ lẹ́kun. Ẹ tẹ bíréèkì kí eré rẹlẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí òórùn bá ti jáde, ẹ yà síbi ìwòran kan, ẹ jẹ́ kó sinmi fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má da omi sí i o, irin gbígbóná lè lọ́.

Ẹ̀yin tó ń gba kábíìnì, ẹ rántí béárì. Inú ìlú gan-an ló ti ń rìn, oṣù Kẹwàá ló sì ń jẹun jù, torí ìgbà òtútù ló ń jẹun dè. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín tí ẹ dì wá láti ilé, kúlà kì í pa òórùn wọn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Béárì mọ ọ̀nà àtiṣí i: á ki èékánná bọ abẹ́ ìmú ilẹ̀kùn, á fà á, á wọlé. Bí ọkọ̀ bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀kùn á padà pa dé mọ́ ọn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i láti inú. Tìmùtìmù, dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ ló máa ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Ó wá ku ti kùrukùru àárọ̀. Lóru, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn wálẹ̀ sí àfonífojì odò French Broad, tí ìlú á fi bò mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Àlejò á ní ọjọ́ ti bàjẹ́, á padà lọ sùn. Ẹ má sùn. Ẹ gòkè lọ sí Craggy, ẹ máa bọ́ sókè kùrukùru, ẹ ó máa wò ó nísàlẹ̀ bí òwú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí orí òkè ń yọ láàárín rẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání: ìyàtọ̀ láàárín ìlú àti orí Mount Mitchell lè tó ìwọ̀n 15 sí 20 Fahrenheit.

Biltmore, ilé oníyàrá 250 tí George Vanderbilt kọ́ láti 1889 sí 1895, ẹ fi í sí ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Wákàtí tí ẹ máa wọlé wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti géètì dé ilé tó nǹkan bíi máìlì 3. Ìyàwó tó bá fẹ́ wọ bàtà gogoro fún fọ́tò, kó mú pẹlẹbẹ dání.

Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú dé Cherokee láti wo elk, ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, ní pápá Oconaluftee, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ fi 50 yáàdì jìnnà sí wọn, pàápàá akọ, torí ìgbà tí akọ ń gun abo nìyẹn. Ibẹ̀ kì í ṣe Parkway mọ́, Great Smoky Mountains ni: ọkọ̀ tó bá máa dúró ju 15 ìṣẹ́jú lọ gbọ́dọ̀ ní táàgì ìgbọ́kọ̀sí, dọ́là 5 fún ọjọ́ kan, 15 fún ọ̀sẹ̀ kan.