"Kékeré" Kò Sí Níbẹ̀: Àkọlé Fíìmù Satyajit Ray ní Yorùbá

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àbá yín lórí àkọlé Yorùbá fún fíìmù mẹ́ta tí Satyajit Ray, olùdarí fíìmù ará Íńdíà, ṣe nípa ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Apu: "Orin Ọ̀nà Kékeré" fún Pather Panchali (1955), "Aláìṣeéṣẹ́gun" fún Aparajito (1956), "Ayé Apu" fún Apur Sansar (1959). Ti àárín dáa, ẹ jẹ́ ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tó kù ni mo ní ẹjọ́ lé lórí.

"Kékeré" yẹn kò sí nínú Bengali, èdè tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, rárá. Àwọn tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ló bù ú kún un. "Pather" kò ju "ti ojú ọ̀nà" lọ. "Panchali" ńkọ́? Kì í ṣe orin lásán. Ìtàn gígùn tí wọ́n ń kọ lórin ni, pàápàá ìtàn àwọn òrìṣà. Títí di òní, àwọn obìnrin Bengal a máa ka ti Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀ wọn, nínú ilé wọn lọ́jọ́bọ̀. Tí a bá pe ìyẹ̀rẹ̀, Ifá ni gbogbo wa máa gbọ́. Ìjálá, ti ọdẹ ni. Rárà ni mo fara mọ́, torí àwọn obìnrin ilé náà máa ń sun ún: "Rárà Ojú Ọ̀nà". Òótọ́ ni pé oríkì pọ̀ nínú rárà ju ìtàn lọ, síbẹ̀ ó sàn ju "orin" gbẹrẹfu. (Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ Ray, tí ìjọba West Bengal dá sí i, abẹ́ owó àtúnṣe ojú ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí! Àkọlé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa da àwọn èèyàn láàmú.)

Ní ti "sansar", "ayé" nìkan kò lè gbé e. Ayé tí à ń gbé ni, ó sì tún jẹ́ ilé, aya àti ọmọ téèyàn ń bójú tó. Ẹ wo fíìmù náà fúnra rẹ̀: Apu bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n rí i pé orí ọkọ ìyàwó ti dàrú, ni wọ́n bá fi Apu dípò. Bó ṣe di ọkọ Aparna nìyẹn. Ìfẹ́ wá wọ̀ ọ́ gan-an, àmọ́ ìyàwó kú lórí ìkúnlẹ̀. Apu kọ ọmọ sílẹ̀, ó di alárìnkiri, ó pẹ́ gan-an kó tó wá Kajal ọmọ rẹ̀ lọ. Ilé tú, ayé bá a tú. Èdè tiwa sì ní ọ̀rọ̀ tó gba méjèèjì: "Ilé Ayé Apu".

Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn oníwàásù ti sọ "ilé ayé" di tiwọn, kí ẹlòmíràn má lọ rò pé fíìmù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó sàn jù ú, ẹ mú un wá.